Ilé Orí Àpáta ní Ìgbà Òjò

Ọjọ́ Ajé, 4 Òkúdu

A gúnlẹ̀ lábẹ́ òjò. Àbúrò mi bì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó rí èbúté, ó sì ní òun kò bì, òun kàn ń bọ́ ẹja ni. Yàrá wa wà lókè ilé ìtura kan tí ó kọjú sí omi: bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, fèrèsé tí ń ké bí ọmọ ológbò nígbà tí a bá ṣí i. Wọ́n ti fi owó kún yàrá láti ìgbà tí a ti gbà á sílẹ̀. Onílé ní epo jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Mo ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá: erékùṣù kan, ìwé atọ́nà kan, ẹranko rẹ̀, ilé àtijọ́ rẹ̀, àti ibi tí ó dùn ún wò. Èmi ń kọ, àbúrò mi ń ya fọ́tò. Ohun tuntun kan ṣoṣo ni pé olóòtú fẹ́ kí n máa fi apá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ bí mo bá ti ń parí rẹ̀, kí òun máa gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára kí ìwé tó jáde. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn kí n tó tún wò ó.

Ọjọ́rú, 6 Òkúdu

Akàn ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú igbó lọ sí òkun. Wọ́n bo títì bí ìgbà tí èèyàn da yanrìn pupa sí i. Awakọ̀ tó gbé wa pa ẹ́ńjìnnì, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń jẹ ẹ̀pà. Àbúrò mi dojú bolẹ̀ lórí ọ̀dà, ó ń ya wọ́n. Akàn kan gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó sanwó ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé e."

"Dúró ná, kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo bi awakọ̀ bóyá ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún bi obìnrin kan tó ń sá aṣọ lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ẹnu méjì kí n tó kọ gbólóhùn kan: bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì.

Ọjọ́bọ̀, 7 Òkúdu

Òjò. Aṣọ tí a fọ̀ lánàá kò gbẹ, ó ti ń rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Òkúdu

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí ṣóńṣó erékùṣù. Pariwo ni wọ́n ń pe ọlọ́kọ̀ náà, nítorí pé ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá ẹ́ńjìnnì jiyàn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ohùn sílẹ̀ mọ́.

Lórí àpáta tí ó yọ sínú òkun ni àwọn tó ń se iyọ̀ láyé àtijọ́ kọ́ ilé òkúta wọn sí. Òrùlé ti wó, igi ti hù nínú yàrá, àdán ló ń gbé inú ààrò iyọ̀. Ilé kan ṣoṣo ló dúró ṣinṣin, ní ìparí ọ̀nà. Pariwo kò lè bá wa gòkè. Ó ń di ọkọ̀ rẹ̀ mú kí ìgbì má baà gbé e lu òkúta. A ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ pé kí a yára, òjò ń bọ̀.

Ilẹ̀kùn ilé náà ṣí gbayawu, fèrèsé rẹ̀ ṣí. A wọlé. Bẹ́ẹ̀dì wà níhòòhò. Mátírẹ́ẹ̀sì dúró gbọọrọ, ó fara ti àga. Àga yòókù dojú dé orí tábìlì. Wọ́n ti fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri wá sí àárín yàrá. Ìkòkò dojú dé. Fìlà ọkùnrin kan wà lórí ìṣó. Atẹ́gùn òkun ń gba ojú fèrèsé kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Mo dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń wá fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé ṣe ni wọ́n sá lọ," ni àbúrò mi wí.

Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Nígbà tí a ń padà, òjò àti ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo kọ apá náà kí irun mi tó gbẹ. Bí ó ṣe parí nìyí: *Ẹni ìkẹyìn ti lọ, kò tilẹ̀ dúró ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn nìkan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.* Ó pẹ́ tí nǹkan tí mo kọ ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Òkúdu

Olóòtú pè. "Màmá, iná ti ràn o!" Ó ní gbogbo èèyàn ló ń fi ilé orí àpáta ránṣẹ́ sí ara wọn. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ arìnrìn-àjò kan fẹ́ tẹ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sórí bébà tí wọ́n ń fún àwọn èrò wọn, kí wọ́n sì máa dúró níbẹ̀ ní ọjọọjọ́ Àìkú. Ṣé mo fara mọ́ ọn? Mo ní kò burú.

Inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Òkúdu

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, alábahun òkun gòkè wá yé ní etíkun àríwá. Ó tóbi ju tábìlì yàrá wa lọ. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ yanrìn jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń tẹ́ ibùsùn ọmọ. Omi ń jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ etíkun ní kì í ṣe ẹkún, iyọ̀ ló ń sọ nù. Ojú mi náà ń ṣomi. Tèmi kì í ṣe iyọ̀.

Ẹja ti wọ́n ní ọjà. Ọkọ̀ kò lè jáde nítorí ìgbì.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Òkúdu

A gun òkè lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta dúdú. Láti òkè lọ́hùn-ún ni a ti rí ọkọ̀ ńlá náà, ó funfun bí eyín, ó dúró níwájú ṣóńṣó. Àwọn èèyàn ń tò gun àpáta bí èèrà.

"Ẹ wo àwọn èrò yín," ni àbúrò mi wí.

Mo yan bí àkùkọ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 18 Òkúdu

A ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí Pariwo wọlé, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ síbí."

Ó na bébà ọkọ̀ arìnrìn-àjò sí mi. Kí n tó gbà á ló ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyá Orí Àpáta ti dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un lódìkejì omi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé e wálé. Lánàá, ó sùn lọ́sàn-án, ó lajú, ó bá àjèjì lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Wọ́n rò pé ère ni! Màmá sín, ni gbogbo wọn bá figbe ta. Ọ̀kan kọlu kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn sì ti yọ fìlà ọkọ rẹ̀ lórí ìṣó, ó gbé e lọ. Fìlà òkú!"

Àbúrò mi gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ṣebí ilé yẹn ti ṣófo?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ní ìgbà òjò, ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò á ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè máa mí. Bí ó bá tì í, kí ó tó dé, gbogbo ẹ̀ á ti bu. Yóò gbé mátírẹ́ẹ̀sì nàró, yóò fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bá màmá gbé mátírẹ́ẹ̀sì yẹn. Ó yá, kí ni wọ́n kọ?"

Mo kà á sókè fún un. Ohùn mi kò yí.

"Atẹ́gùn nìkan?" ni Pariwo wí. "Olórí burúkú wo ló kọ ìyẹn?"

Mo ní, "Wọn ò fi orúkọ sí i."

Òótọ́ ni. Wọn kò fi orúkọ sí i. Àbúrò mi ń wo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Òkúdu

Mo pe olóòtú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti yọ apá náà kúrò. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní àwọn ti tẹ bébà ti gbogbo ìgbà òjò, àwọn kò lè dà á nù. Bákan náà, àwọn tí wọ́n ti fi apá náà ránṣẹ́ sí ṣì ní in lọ́wọ́.

N kò bi ẹnu kan, ká má tiẹ̀ sọ méjì. Ẹni tó lè sọ fún mi wà ní ìsàlẹ̀ àpáta, ó ń di okùn mú, ó ń pè mí. Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dá a lóhùn.

"Ẹ lọ kúnlẹ̀ fún màmá," ni àbúrò mi wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì tíì dìde."

Ọjọ́bọ̀, 21 Òkúdu

A lọ. Mo ra ọsàn, mo tún ra ìborí kan tí n kò mọ bóyá yóò fẹ́ ẹ. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń to gbólóhùn tí mo fẹ́ sọ, bí ẹni tó ń lọ dúró níwájú adájọ́.

Ìyá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú awò dúdú lójú. Ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Pariwo kígbe láti ìsàlẹ̀ pé àlejò ni wá, kí ó tó rí wa ló ti ń kí wa.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin kọ́kọ́ kí mi kí ẹ tó wọlé. Ẹ jókòó. Ọsàn rè é? Ẹ ṣé o. Àwọn ti ọjọ́ Àìkú, fìlà ni wọ́n mú lọ, ẹ̀yin ń mú nǹkan wá."

Àbúrò mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo la ẹnu.

"Màmá, nípa ohun tí wọ́n kọ yẹn…"

"Ẹni tó kọ ọ́!" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ojú mélòó ló ní? Èmi tí mo ní ojú kan àbọ̀, mo rí i pé mo wà nínú ilé mi." Ó bọ́ awò, ó nu omi ojú rẹ̀. "Torí ilé yìí ni mo ṣe jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan ojú mi, ẹ gbọ́. Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Nọ́ọ̀sì ni, ó ní yàrá kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíì. Mo ní rárá, kí wọ́n ṣe ojú mi kí n lè rí òkun mi. Ibí ni ọkọ mi kú sí, ibí ni wọn óò ti gbé mi. Ìwọ, o lágbára díẹ̀, wá bá mi yí mátírẹ́ẹ̀sì yìí padà, ọ̀rinrin ti mú ẹ̀gbẹ́ kan."

Mo bá a yí i. Ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní mo ṣeun, ọmọ gidi ni mí.

A sọ̀kalẹ̀. Pariwo bi wá bóyá a gbádùn màmá. Àbúrò mi lọ jókòó ti Pariwo títí a fi dé èbúté.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Òkúdu

N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Òkúdu

Mo ní kí Pariwo gbé mi lọ kí ọkọ̀ ńlá tó dé. Mo sọ fún ìyá náà pé mo wá bá a dá àwọn èèyàn dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín: "O ti di ọlọ́pàá mi." Ó wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Wọ́n gòkè wá, pẹ̀lú agbòòrùn àti kámẹ́rà. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní ẹ má bínú, ẹnìkan ń gbé ibí. Àwọn kan tọrọ gáfárà, wọ́n yà. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé kò yà.

"Madam, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ó wà nínú bébà. 'Atẹ́gùn nìkan ló ń gbé ibẹ̀.'"

"Bébà yẹn kò tọ̀nà."

"Ẹ̀yin wá mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ ọ́ lọ ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bóyá wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"N kò gba owó kankan."

"Ó dáa, kí ló wá kàn yín níbẹ̀? Ta lẹ jẹ́?"

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé ó ti dìde jókòó. Mo lè sọ pé ọmọ rẹ̀ ni mí, tàbí aládùúgbò, ọkùnrin yẹn ì bá sì gbà.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni mo wí. "Èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni mo kọ. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, wọ́n ń ya èmi fúnra mi. Wọ́n padà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo yíjú, ìyá náà dúró sí àárín yàrá, awò rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń wò mí. Mo kúnlẹ̀. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ jókòó síta.

Ọjọ́ Ajé, 25 Òkúdu

Ẹyẹ ọlọ́rùn pupa tí a ti ń wá láti ọjọ́ tí a dé bà lórí igi àgbọn níwájú fèrèsé. Àbúrò mi yà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: àwọ̀, ìró, ibi tó bà sí. Ojú mi wò ó, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀, kí n sọ òtítọ́.

Pariwo kò gba owó ọkọ̀ àná lọ́wọ́ mi ní òwúrọ̀ yìí. Ó ní kí n mú un lọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ẹni tó ṣu kì í rántí, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé," ló wí, ó sì yíjú sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28 Òkúdu

Ìyá Orí Àpáta ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n jókòó. Kò fún mi ní omi.

"Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá, tí n kò sí nílé. Ṣé o kágò?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn."

"Kò ní sí ẹni tí yóò dáhùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní o kágò, ìwọ fúnra rẹ ì bá gbọ́ ohùn ara rẹ. Ò bá mọ̀ pé ilé onílé lo wà."

Ó yíjú sí òkun.

"N kò bínú torí pé o ṣe é," ló wí. "Èèyàn ń ṣe nǹkan. Mo bínú torí pé o bá mi yí mátírẹ́ẹ̀sì, o jẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo pè ọ́ ní ọmọ gidi, o sì dákẹ́."

Kò sọ ọ́ bí ìbínú. Bí ẹni tó ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ mi ni. Kò sí ohun tí mo lè yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Agẹmọ

Ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà ti kárí ayé. Ẹnìkan lára wọn ya fídíò rẹ̀. Àbúrò mi fi hàn mí: èmi rè é, mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n ń kọ pé mo ní ìgboyà, pé ó wú wọn lórí.

Ọkọ̀ méjì ló wá lónìí dípò ọ̀kan. Wọn kò wá wo ilé òfìfo mọ́; ìyá tí wọ́n ní kò sí ni wọ́n wá wò. Àbúrò mi ti kan pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹnìkan ń gbé ibí. Wọ́n ń tò láti ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó náà. Obìnrin kan bẹ ìyá náà láti ojú fèrèsé pé kí ó jọ̀wọ́ tún sín.

Ìyá náà ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó jókòó sínú òkùnkùn títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí ó ṣí i, òórùn ọ̀rinrin jáde bá wa.

"Bí mo bá ṣí i, ayé á wọlé," ló wí fún Pariwo, kì í ṣe fún mi. "Bí mo bá tì í, ilé á bu. Pe ọmọ mi."

Ọjọ́rú, 4 Agẹmọ

Ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkọ̀ àárọ̀, ó ṣì wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ mí láti inú fídíò. Gbogbo ohun tó bá mi sọ ni "Ẹ gbá a mú lábẹ́" àti "Ẹ rọra." A fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ níbẹ̀. A gbé ìkòkò, aṣọ, àga kan. Mátírẹ́ẹ̀sì ló gbẹ̀yìn. Èmi àti Pariwo ni a gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú òjò wínníwínní, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, n kò sì ríran ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ìyá náà kò sọkún. Ó ní kí ọmọ òun má ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí fèrèsé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó dojú àga dé orí tábìlì, bí ẹni tí yóò padà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nínú ọkọ̀, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí àpáta. Ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ ò ní wò ó?"

"Mo ti wò ó," ló wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Agẹmọ

Òjò dá. A ti di ẹrù. Ọ̀la ni ọkọ̀ wa. Mo ti kọ nípa akàn, alábahun, ẹyẹ, àti omi tó ń já, gbogbo rẹ̀ péye.

Olóòtú kọ ìwé sí mi lọ́sàn-án. Ó ti gbọ́ pé ìyá náà ti kó lọ. Ó bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti wá rí báyìí, ṣé kí òun dá apá ilé orí àpáta padà sínú ìwé, nítorí pé ó dùn jù láti jù nù, àti pé ní báyìí, kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́.

Mo kà á jálẹ̀, mo wá àṣìṣe nínú rẹ̀, n kò rí i. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́, irọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di òótọ́.

Mo fèsì pé rárá. Ó tún kọ̀wé pé kí ló dé. Mo ti jókòó sídìí tábìlì yìí láti ìgbà náà, n kò tíì dá a lóhùn.